Glymphatic: ètò tí ọpọlọ fi ń kó èérí rẹ̀ dànù

Bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ni èérí ń ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, pàápàá jù lọ èròjà kan tí a ń pè ní amyloid-beta, èyí tí ó máa ń dì pọ̀ sínú ọpọlọ àwọn tí àrùn Alzheimer ń bá fínra. Ètò tí ó ń kó èérí yìí kúrò ni Maiken Nedergaard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, sọ ní glymphatic ní ọdún 2012. Omi tí ó yí ọpọlọ ká a máa gba ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, a ṣàn gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì kọjá, a sì gbé èérí jáde, bí àgbàrá òjò ti ń gbá pàǹtí inú gọ́tà lọ.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ yìí kan náà rí i pé bí eku bá sùn, àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ a fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, omi a sì rí ọ̀nà gbà dáadáa. Àríyànjiyàn kò tí ì tán lórí èyí o, nítorí ìwádìí mìíràn lára eku ní 2024 sọ pé ṣe ni kíkó èérí ń dín kù lójú oorun.

Ohun tí a rí lára ènìyàn ni ó ká mi lára jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí Whitehall II, tí ó tọpa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí iye wọn sún mọ́ 8,000 fún nǹkan bí ọdún 25, fi hàn ní 2021 pé àwọn tí wọn kì í sùn ju wákàtí 6 lọ lóru, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ẹni 50 ọdún títí dé 70, ni ewu kí iyèrírà (dementia, àìsàn ìgbàgbé tí Alzheimer jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀) mú wọn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí ń sùn wákàtí 7. Òótọ́ ni pé Alzheimer fúnra rẹ̀ máa ń ba oorun jẹ́ kí ó tó hàn síta, ṣùgbọ́n ẹni 50 ọdún ṣì jìnnà sí ọjọ́ orí tí àmì àrùn náà sábà máa ń hàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àgbàlagbà kò nílò oorun púpọ̀. Oorun àsùnwọra ni ó ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń ga; wákàtí 7 sí 8 ni àwọn onímọ̀ ṣì ń dámọ̀ràn fún ẹni tí ó ti lé ní 65. Bí ìtọ̀ bá ń jí bàbá tàbí ìyá léraléra, kí a bi dókítà bóyá oògùn tí ń mú ni tọ̀ ṣeé lò láàárọ̀. Bí wọ́n bá sì ń hanrun tí èémí wọn ń dá dúró díẹ̀ kí ó tó padà, ẹni tí ń sùn tì wọ́n ni kí ó sọ fún dókítà, nítorí àwọn fúnra wọn kì í sábà mọ̀.