Kí Ló Dé Tí Orin Ìta Gbangba Kì Í Dún Bákan Náà Létí Gbogbo Ènìyàn?

Ẹni tí ó bá ti dúró sí gbàgede Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin kọjá, yóò mọ̀ pé ẹni méjì lè jọ wà níbi orin kan náà kí ohun tí wọ́n gbọ́ má sì jọra. Ọ̀kan yóò délé, yóò ní ìlù ọjọ́ náà kò lẹ́gbẹ́. Èkejì yóò ní ariwo lásán ni òun gbọ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, nítorí pé ní ìta gbangba, ibi tí ènìyàn dúró sí ni ó ń pinnu orin tí yóò gbọ́.

Ìbéèrè: Mo rí èéfín ìbọn kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì rí i tí ọ̀pá alùlù balẹ̀ lórí awọ kí ìlù tó dún. Ṣé ojú ni ó ń tàn mí ni, àbí etí?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí ó tàn yín nínú méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ a máa dé ojú wa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró kò yára tó bẹ́ẹ̀: nínú afẹ́fẹ́ tí ó móoru bíi tiwa, nǹkan bíi mítà 345 ni ó ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá dúró ní mítà 100 sí pèpéle, èyí tí ó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù, yóò gbọ́ ìlù lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè dà bí ẹni pé ìyẹn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú orin, ó pọ̀. Bí ìlù bá ń dún nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ni ó wà láàárín ìlù kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, àtẹ́wọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ti pẹ́ kí wọ́n tó pa á, nígbà tí yóò bá sì fi padà dé etí olórin, yóò ti pẹ́ ju odindi ìlù kan lọ. Olórin tí ó bá ń tẹ̀lé àtẹ́wọ́ èrò yóò já orin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé sípíkà kéékèèké síwájú ẹsẹ̀ àwọn eléré, tí àwọn mìíràn sì ń ki ẹ̀rọ bọ etí, kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn.

Àwọn onídùndún tí kò lo máíkì kò ní ìṣòro yìí rárá. Ẹni tí wọ́n ń lùlù fún ni wọ́n ń tọ̀ lọ, onílù á sì gbé ìyáàlù dúró níwájú rẹ̀ gan-an títí yóò fi fi owó lé e níwájú orí. Lójú tèmi, ìyẹn dára ju sípíkà lọ, àmọ́ ìyáàlù kan kò lè tọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń gbé sípíkà mìíràn sí àárín pápá fún, níbi tí kò sí olórin kankan?

Ìdáhùn: Nínú gbọ̀ngàn, ògiri àti àjà máa ń dá ìró padà, nítorí náà ẹni tí ó wà lẹ́yìn ṣì ń jẹ nínú rẹ̀. Ní ìta gbangba, kò sí ohun tí ó ń dá a padà. Bí sípíkà kan bá ń dá dún, tí jíjìnnà yín sí i sì di ìlọ́po méjì, ìró tí ẹ ń gbọ́ yóò fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó). Bí ó bá tún di ìlọ́po méjì sí i, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 mìíràn tún lọ. Bí ẹnjiníà bá ní kí òun yí iná sípíkà iwájú sókè títí àwọn ará ẹ̀yìn yóò fi gbọ́, etí àwọn ará iwájú ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ó sàn kí ó gbé sípíkà kejì sí ọ̀nà jíjìn, kí ó sì jẹ́ kí méjèèjì máa dún níwọ̀nba.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà ń gbé orin lọ sí sípíkà àárín pápá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ìró tí ó jáde láti orí pèpéle ń gbà bọ̀. Bí sípíkà kejì bá wà ní mítà 70 sí ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó dúró tì í yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èkejì yóò sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju àkọ́kọ́ lọ. Fún èdè tí ohùn ni ó fi ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohùn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn á gorí èyí tí ó ṣíwájú, oríkì tí ìyáàlù ń pè á sì di gbúgbúgbú lásán, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ìlù ní láti fi sọ̀rọ̀. Kò ní kọ́ńsónáǹtì tí ì bá gbà á sílẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe ni pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ dá orin dúró díẹ̀ kí ó tó jáde nínú sípíkà kejì, kí ti pèpéle lè rìn dé ibẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti lo ẹ̀rọ onídíjítà fún iṣẹ́ yìí ni Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù Keje ọdún 1973, níbi tí nǹkan bíi 600,000 ènìyàn ti péjọ. Ọgbọ́n kan tún wà lórí rẹ̀. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Helmut Haas tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde ní 1949 tí ó fi hàn pé ibi tí ìró àkọ́kọ́ ti wá ni etí máa ń gbà pé gbogbo rẹ̀ ti wá, bí èkejì bá tètè tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹnjiníà tí ó mọṣẹ́ yóò fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún ìdádúró náà, kí ti pèpéle lè kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ẹnu olórin ni ohùn náà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ni sípíkà tí ó ń ké wà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ó fi jẹ́ “gbì, gbì” nìkan là ń gbọ́ nílé, tí a kì í gbọ́ orin gan-an, tí ó sì tún ń pọ̀ sí i lálẹ́?

Ìdáhùn: Ìgbì ohùn béèsì gùn, ó lè tó mítà 7, nítorí náà ó ń yí ilé àti ògiri po, ó sì ń kọjá lọ. Ìgbì ohùn tín-ín-rín, irú èyí tí ó gbé “s” àti “ṣ” tàbí ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ; ara èrò ń gbé e mì, afẹ́fẹ́ pàápàá ń jẹ ẹ́ lọ́nà, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ohun tí ó ṣẹ́kù dé ilé yín ni béèsì.

Ní ti alẹ́, ọ̀rọ̀ ooru ni. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ tí oòrùn pa ń mú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ gbóná ju ti òkè lọ, ìró á sì tẹ̀ sókè, á gba orí ilé yín kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí sánmà mọ́, ilẹ̀ á tètè tutù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á wà lókè, ìró á wá tẹ̀ padà sísàlẹ̀ lé yín lórí. Atẹ́gùn náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ orin bọ̀ wá bá yóò gbọ́ ọ dáadáa, ẹni tí ó wà ní òdìkejì á máa na etí.

Ìbéèrè: Ibo wá ni kí n dúró sí?

Ìdáhùn: Ẹ wá àtíbàbà kékeré tí ẹnjiníà ń gbé tábìlì ìdarí ohùn sí, kí ẹ sì dúró nítòsí rẹ̀. Ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀ ni ó fi ń tún orin ṣe.

Ìbéèrè: Etí mi ń hó di ọjọ́ kejì. Ṣé ó léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, nítorí pé irun tín-ín-tìn-tín inú etí tí ó bá ti kú kì í hù mọ́. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìró níbi àríyá àti ibi orin má ṣe ju ìpíndọ́gba dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ. Àwọn onímọ̀ tí ń bójú tó etí òṣìṣẹ́ tilẹ̀ gbà pé wákàtí 8 ni ènìyàn lè lò níbi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 lójúmọ́, àti pé bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 bá ti ń kún un, àkókò náà ń dínkù sí ìdajì. Ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Síbẹ̀, a ń rí ọmọ kékeré tí wọ́n jẹ́ kí ó sùn sẹ́bàá sípíkà, tí gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín pé oorun rẹ̀ wọra. Ohun ìdítí onífóòmù tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn máa ń dín ìró náà kù láìpa orin. Òwú lásán tí àwọn kan ń kì bọ etí kò tó. Béèsì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ohun kankan níbẹ̀.