Ìkòkò Aró Tó Bí Ẹbọ Ọ̀ṣun Òṣogbo

Ìkòkò aró tó fọ́ ló bí ẹbọ Ọ̀ṣun. Bí àwa ọmọ Òròkí, ìyẹn Òṣogbo, ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa nìyẹn, èmi kò sì rí ìtàn mìíràn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀dá omi ló lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Ìpólé. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ aperin, ló kọ́kọ́ já sétí odò Ọ̀ṣun, ó sì padà lọ sọ fún Lároóyè, olórí wọn, pé òun ti rí omi tí kì í gbẹ. Wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi ńlá kan wó lu odò, ohùn Ọ̀ṣun sì ké láti inú ibú: "Ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!" Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣogbo ti wá. Àwọn kan ń túmọ̀ orúkọ náà bí ó ti wù wọ́n, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò sọ ìdí tí wọ́n fi ń kì wá ní "Òṣogbo ìlú aró".

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ìkòkò yẹn. Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò aláró ti jẹ gbèsè. Lójú tèmi, ẹbọ àkọ́kọ́ tí Lároóyè rú kì í ṣe ti ìtọrọ ọmọ tàbí owó. Ìpẹ̀ ni, àlejò ló ń bẹ onílé. Bóyá àwọn obìnrin aláró ti wà létí omi náà kí àwọn ará Ìpólé tó dé, tó jẹ́ pé ìrántí wọn ló ń ké nínú ibú yẹn. Ọ̀ṣun gba ìpẹ̀: ẹja jáde lódò, Lároóyè tẹ́wọ́ gbà á, ọba wa sì ń jẹ́ Àtáója, A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, títí dòní. Májẹ̀mú wá wà: Ọ̀ṣun á máa ṣọ́ ìlú, ìlú á máa bọ ọ́ lọ́dọọdún.

Ifá kò sọ ohun tó yàtọ̀. Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá, irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin àárín wọn, àwọn yòókù kò sì pè é sí ìmọ̀ràn. Wọ́n rúbọ, ẹbọ kò fín. Wọ́n tún ayé ṣe, kò gún. Olódùmarè ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà, tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá bíi odù náà, ló ń gbé ẹbọ lọ sọ́run. Ẹ ò rí i pé ìpẹ̀ náà ló tún ṣáájú?

Ẹni tó ń gbé ti Òṣogbo ni Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba. Igbá là ń rù, ẹbọ là ń rú. Ẹ má jẹ́ kí àìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ pò "rù" àti "rú" pọ̀. Arugbá kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa na ara wọn ní pàṣán níwájú rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin fọ́ lẹ́bàá ìlú wa. Jagunjagun Ìbàdàn ló jà á, àwọn àgbà sì ní Ọ̀ṣun kò sùn. Ìjọba sọ apá kan igbó Ọ̀ṣun tó wà létí odò náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn tó ń sọ pé Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, ló dá igbó náà àti ẹbọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣì í sọ. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Ó gba igbó náà sílẹ̀, ère rẹ̀ sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ ni Àtáója ti ń rúbọ létí odò.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, bí Arugbá bá ti sọ igbá kalẹ̀, tí ọba sì ti jókòó lórí òkúta, a máa rí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Brazil àti Cuba nínú èrò, tí wọ́n ń bu omi sínú ike pẹ̀lú wa.