Ikọ́ lábẹ́ ìbòmú: ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò kọ oògùn

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kọ oògùn oorun." Bí ọmọ bá wúkọ́ tó sì sé èémí nígbà tí wọ́n fi ìbòmú bò ó nímú ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ohun tí àwọn òbí kan máa ń sọ nìyẹn. Wọ́n gbà pé oògùn akunnilóorun kò níṣẹ́ méjì ju kó pa ìmọ̀lára: bó bá ti wọ imú, gbogbo ara á dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ń din ata nílé. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀, tí kò fọwọ́ kan ìkòkò, á máa wúkọ́, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Èéfín ata ló bá iṣan ìmọ̀lára inú imú àti ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín wà lára iṣan wọ̀nyí; bí wọ́n bá ṣí, ọ̀fun á ta, ikọ́ á sì dé. TRPV1 lorúkọ èyí tí ata ń ṣí; David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1997. Òmíràn ni TRPA1, tí òróró músítádì ń ṣí. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé isoflurane àti desflurane, gáàsì akunnilóorun méjì tó ń ta nímú, ń ṣí TRPA1 yìí gan-an.

Lójú ẹsẹ̀ ni gáàsì ń kan ọ̀fun. Kó tó dé ọpọlọ, ó ní láti gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wá gbé e lọ. Oorun kò tíì dé, ọ̀fun ti ń ké. Desflurane tiẹ̀ lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í kun ọmọdé lóorun. Sevoflurane, gáàsì mìíràn tí kò ta tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n máa ń lò fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mìíràn ṣì lè wúkọ́ díẹ̀. (Propofol, oògùn akunnilóorun tí wọ́n ń fún àgbàlagbà lábẹ́rẹ́, náà máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ bó ṣe ń wọlé, TRPA1 kan náà ló ń ṣí.)

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín sí. Bí ọmọ bá ti ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí iṣẹ́ abẹ, ẹ má fi pa mọ́ nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á sún ọjọ́ síwájú. Ọ̀fun tí ọ̀fìnkìn ti bà jẹ́ máa ń tètè pa dé.