Ìjọba àwa-ara-wa ní Áténì àtijọ́

Ìjọba àwa-ara-wa ti Áténì ni ètò ìṣèlú tí àwọn ará Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, fi ṣàkóso ìlú wọn láti nǹkan bí ọdún 508 ṣáájú Kristi (ṣ.K.) títí di 322 ṣ.K. Gbogbo Átíkà, ìyẹn ìlú náà pẹ̀lú ìgberíko àti etíkun tó yí i ká, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Áténì kì í rán aṣojú lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin: ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ ló ń lọ sípàdé, ó ń gbọ́ àròyé, ó sì ń nawọ́ láti dìbò. Kèké ni wọ́n fi ń mú ènìyàn sí èyí tó pọ̀ jù nínú ipò ìjọba. Aristotle kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú pé ti ìjọba àwa-ara-wa ni wọ́n ka kèké sí, pé ti àwọn ọ̀tọ̀kùlú ni kí a máa dìbò yan olóyè. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya òǹkàwé òde òní lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi í sọ́kàn kò ní lóye bí ìlú náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìmọ̀ nípa rẹ̀ ti wá

Ìwé tó ṣàlàyé ètò yìí jù lọ ni ìwé kan lórí ìjọba Áténì tí wọ́n máa ń kà sí iṣẹ́ Aristotle tàbí ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Ó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí i lórí ewé pápírọ́ọ̀sì láti Íjíbítì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1891. Láti 1931 ni àwọn awalẹ̀pìtàn láti Amẹ́ríkà ti ń wa ilẹ̀ Agora, tó jẹ́ ọjà àti gbàgede ìlú náà, ohun tí wọ́n hú jáde sì bá ọ̀rọ̀ inú ìwé náà mu lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ayé àtijọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà tí ìwé wọn ṣì wà, bíi Plato àti Xenophon, kò fẹ́ràn ìjọba mẹ̀kúnnù. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àpéjọ ìlú rántí èyí.

Ìbẹ̀rẹ̀

Kí Solon tó di archon, ìyẹn olóyè àgbà ìlú, ní 594 ṣ.K., gbèsè ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Átíkà di ẹrú. Solon pa gbèsè náà rẹ́, ó sì fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Peisistratos àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi agbára gbàjọba, títí wọ́n fi lé Hippias, èyí tó jẹ kẹ́yìn nínú wọn, kúrò nílùú ní 510 ṣ.K. pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Spata.

Cleisthenes ló tún ìlú náà tò ní nǹkan bí 508. Ó pín àwọn ọmọ ìlú sí ẹ̀yà tuntun mẹ́wàá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní apá kan létíkun, apá kan ní ìgberíko, àti apá kan nínú ìlú àti àyíká rẹ̀. Kò sí ìdílé ńlá kan tó lè kó ẹ̀yà kan sábẹ́ ara rẹ̀ mọ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn àdúgbò àti abúlé, tí iye wọn jẹ́ 139, ni wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ ìlú sílẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún 18.

Ní 462, Ephialtes gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìgbìmọ̀ àwọn archon àná, ìyẹn ìgbìmọ̀ Areopagu, ó fi ẹjọ́ ìpànìyàn àti àwọn ẹjọ́ díẹ̀ mìíràn sílẹ̀ fún un. (Orí òkè tí ìgbìmọ̀ náà ti gba orúkọ ni àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ nínú Ìṣe Àwọn Aposteli orí 17.) Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa Ephialtes. Pericles ló tẹ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n máa sanwó fún àwọn tó ń jókòó ní ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọkọ̀ ojú omi ogun wà lára ohun tó fún tálákà lágbára: nǹkan bí 170 atukọ̀ ló ń wa ọkọ̀ kan, àwọn tí kò nílẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ló borí Páṣíà ní Salamis ní 480.

Àpéjọ ìlú àti Ìgbìmọ̀ 500

Orí òkè Pnyx ni àpéjọ ìlú ti ń pàdé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣ.K., ìpàdé 40 ni wọ́n ń ṣe lọ́dún. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò lè parí bí ènìyàn kò bá pé 6,000. Ogun, àlàáfíà, owó ìlú àti oúnjẹ ni wọ́n ń jíròrò. Lẹ́yìn 403 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún ẹni tó bá wá.

Ìgbìmọ̀ 500 ló ń ṣètò ohun tí àpéjọ máa gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń mú 50 wá, gbogbo wọn ń bọ́ sípò nípa kèké, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 30. Ẹnì kan kò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń darí Ìgbìmọ̀ fún ìdá mẹ́wàá ọdún, ẹnì kan nínú àwọn 50 náà sì ń di alága fún alẹ́ kan àti ọ̀sán kan péré. Ọwọ́ rẹ̀ ni èdìdì ìlú àti kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra ń wà, kò sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Áténì ló ti jókòó nínú Ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó kú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ti di olórí ìlú fún ọjọ́ kan.

Ipò tó gba ìmọ̀ àrà ọ̀tọ̀ nìkan ni wọ́n ń dìbò fún, àwọn ọ̀gágun mẹ́wàá sì ni olórí wọn. Ọ̀gágun lè wọlé léraléra. Plutarch, òǹkọ̀wé ìtàn kan, sọ pé ọdún 15 léra ni wọ́n yan Pericles.

Ètò kèké

Láti 487 ni wọ́n ti ń fi kèké mú àwọn archon mẹ́sàn-án. Kèké nìkan kò tó o. Kí ènìyàn tó wọlé sípò, wọ́n á bi í léèrè ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́, ibojì àwọn baba rẹ̀, bóyá ó ń tọ́jú òbí rẹ̀, bóyá ó ti san owó orí, bóyá ó ti jagun níbi tó yẹ. Bí ọdún bá parí, ó gbọ́dọ̀ jíhìn owó tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ìlú èyíkéyìí sì lè fẹ̀sùn kàn án.

Ilé ẹjọ́ ni kèké náà ti díjú jù. Lọ́dọọdún, 6,000 ọkùnrin tó ti pé ọdún 30 ni wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ láti ṣe adájọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, olúkúlùkù ní pátákó pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi idẹ ṣe, tí wọ́n wá ń fi igi ṣe, tó ní orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ àti ti àdúgbò rẹ̀ lára. Ọ̀pọ̀ nínú ti idẹ ni wọ́n ti hú nínú ilẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti pa orúkọ ẹni àná rẹ́ kí wọ́n tó kọ ti ẹlòmíràn sórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n á ki àwọn pátákó wọ̀nyí bọ ojú ihò tó tò lẹ́sẹẹsẹ lára ẹ̀rọ kèké. Ọ̀pá oníhò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n da ọmọ kèké dúdú àti funfun sí. Bí wọ́n bá ṣí i, ọ̀kan ṣoṣo á jábọ́: bí ó bá funfun, gbogbo àwọn tí pátákó wọn wà ní ìlà kan náà di adájọ́ ọjọ́ náà, bí ó bá dúdú, kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tí kèké mú á tún fa èso onílẹ́tà kan láti mọ ilé ẹjọ́ tó máa lọ, wọ́n á sì fún un ní ọ̀pá tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ náà mu. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ òun. Ìdí náà hàn kedere: láti dí ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kèké olókùúta tó ṣì wà lónìí, ẹ̀yìn ìgbà Aristotle ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ilé ẹjọ́

Kò sí agbẹjọ́rò ìjọba, kò sì sí adájọ́ àgbà tí ń tọ́ àwọn yòókù sọ́nà. Adájọ́ 201 tàbí 401 ló ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ẹjọ́ tó kan ìlú gba 501 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ara ẹni ni wọ́n fi ń rojọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè sanwó fún akọ̀wé bíi Lysias kó bá a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Omi tí ń ṣàn láti inú ìkòkò kan sí èkejì ló ń díwọ̀n àkókò. Ọ̀kan tí wọ́n rí ní Agora máa ń ṣàn tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Àwọn adájọ́ kì í jíròrò. Olúkúlùkù á gba àwo idẹ kékeré méjì tí ọ̀pá kúkúrú gba àárín wọn: ọ̀pá ọ̀kan ní ihò, ti èkejì kò ní. Oníhò ni ti olùpẹ̀jọ́. Bí ènìyàn bá fi ìka méjì di ẹnu ọ̀pá náà mú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè mọ èyí tó jù sínú ìkòkò idẹ. Bí ìbò bá dọ́gba, olùjẹ́jọ́ ló borí. Ẹni tó bá pe ẹjọ́ ìlú tí kò rí ìdá márùn-ún ìbò gbà yóò san 1,000 dírákímà (owó fàdákà Áténì). Óbólì mẹ́ta ni owó adájọ́ láti àwọn ọdún 420, ìyẹn ìdajì dírákímà. Iṣẹ́ ọ̀yà dára jù ú lọ, ìdí nìyí tí àwọn awàdà orí ìtàgé fi ń sọ pé àwọn arúgbó ló kún ilé ẹjọ́.

Irú ilé ẹjọ́ yìí ló dájọ́ ikú fún Socrates ní 399. Gẹ́gẹ́ bí Plato ṣe sọ, ká ní 30 ìbò yí padà ni, wọn ì bá dá a sílẹ̀. Àṣìṣe àpéjọ ìlú tí àwọn ará Áténì kábàámọ̀ fúnra wọn ni ti 406, nígbà tí wọ́n da ẹjọ́ àwọn ọ̀gágun tó jà ní Arginusae pọ̀ ṣe, tí wọ́n sì pa mẹ́fà nínú wọn.

Ìbò àpáàdì

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àpéjọ lè pinnu láti lé ènìyàn kan kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá. Olúkúlùkù á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Wọn kì í gba dúkìá ẹni tí wọ́n bá lé, kò sì pọn dandan pé kó ṣẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní 487. Wọ́n fi lé àwọn olóṣèlú bíi Aristides ní 482 àti Cimon ní 461, Themistocles, ọ̀gágun Áténì ní Salamis, náà sì fara gbá a. Wọ́n ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì wọ̀nyí. Nínú kànga kan lẹ́bàá Akropolis, òkè tí tẹ́ńpìlì ìlú wà lórí rẹ̀, ni wọ́n ti rí 190 tó jẹ́ orúkọ Themistocles ló wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé 14 péré ló kọ wọ́n. Ó dà bíi pé ẹgbẹ́ kan ti ha wọ́n sílẹ̀ láti pín fún àwọn olùdìbò. Lẹ́yìn tí wọ́n fi lé olóṣèlú Hyperbolus, ní nǹkan bí 416, wọn kò lò ó mọ́.

Àwọn tí ètò náà kò kà kún

Obìnrin kò dìbò, kò sì rojọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá, ọkọ tàbí mọ̀lẹ́bí ọkùnrin ló ń ṣojú rẹ̀. Nínú ẹ̀sìn nìkan ni ipò ńlá wà fún un, bíi ti ìyálórìṣà Athena lórí Akropolis. Àjèjì tó bá ń gbé ìlú náà ń san dírákímà 12 lọ́dún, ó ń jagun, ṣùgbọ́n kò lè ra ilẹ̀. Láti 451, òfin Pericles ní kí bàbá àti ìyá jẹ́ ọmọ Áténì kí ọmọ wọn tó lè jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹrú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wa fàdákà ní Laurion, fàdákà yìí náà sì ni Themistocles fi kan ọkọ̀ ogun. Ẹrú ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá àti akọ̀wé. Iye àwọn ẹrú jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí.

Àṣà

Eré orí ìtàgé nígbà ọdún òrìṣà Dionysus jẹ́ ti ìjọba bó ṣe jẹ́ ti ẹ̀sìn. Olówó ni ìlú ń yàn láti ná owó àwọn akọrin, kèké ló sì ń mú àwọn adájọ́ eré.

Ìyàtọ̀ sí Róòmù

Ní Róòmù, ìdìbò ni wọ́n fi ń yan àwọn kọ́ńsù méjì, ìyẹn àwọn olórí ìjọba, lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi ń ka ìbò, kì í ṣe orí. Nínú ẹgbẹ́ 193, Livy, òpìtàn Róòmù, sọ pé àwọn ẹlẹ́ṣin ní 18, ìpele àwọn olówó jù lọ sì ní 80, tí àwọn nìkan fi lè parí ọ̀rọ̀ kí ó tó kan tálákà.

Òpin

Àwọn ọ̀tọ̀kùlú gbàjọba ní 411 àti ní 404. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbà á padà ní 403, wọ́n búra pé àwọn kò ní gbẹ̀san. Ní 322, lẹ́yìn tí Masidóníà ṣẹ́gun wọn, Antipater, ọ̀gágun Masidóníà, pàṣẹ pé ẹni tí dúkìá rẹ̀ kò bá tó 2,000 dírákímà kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí ìjọba mọ́. Àpéjọ àti Ìgbìmọ̀ kò pa rẹ́ pátápátá: ní 307 wọ́n fi ẹ̀yà méjì kún mẹ́wàá, Ìgbìmọ̀ sì di ẹlẹ́ni 600, ṣùgbọ́n àwọn ọba Masidóníà ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ ẹ̀yà tuntun méjèèjì.