Dátà ńlá kò lè mú Òṣogbo sún mọ́ Yúróòpù

Owó tí àwọn tó fi géèmù ṣiṣẹ́ ṣe ń gbà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹgbẹ́ ń san owó oṣù, ẹ̀bùn ìdíje ń wọlé, àwọn tó ń polówó ọjà sì ń dá tiwọn sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí ẹgbẹ́ ṣe ń rí ẹni tí yóò gbà síṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀nà ọmọ Òṣogbo ti yà kúrò lára ti ọmọ Seoul.

Inú géèmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ènìyàn. Gbogbo ẹni tó bá ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní máàkì. Ìpìlẹ̀ ìṣirò náà wá láti ọ̀dọ̀ Arpad Elo, tó ṣe é fún ṣẹ́ẹ̀sì, tí àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1970. Ẹni tó bá na ẹni tó jù ú lọ, máàkì rẹ̀ á fò sókè. Ẹni tó bá na ẹni tí kò tó o, díẹ̀ ló máa rí. Bí ẹni tí kò tó o bá sì nà án, ohun tí yóò pàdánù á pọ̀. Oníkálukú géèmù ti tún un ṣe bó ṣe wù ú, àmọ́ orí ìpìlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì yẹ ká yìn ín: kò béèrè lẹ́tà ẹnikẹ́ni, kò béèrè ọmọ ta ni. Lee Sang-hyeok, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Faker, ti wà lókè àtẹ máàkì ní Kòríà pẹ̀lú orúkọ mìíràn kí ẹgbẹ́ SK Telecom tó gbà á ní 2013. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba ife àgbáyé géèmù League of Legends.

Wàyí o, ẹ wọ ṣọ́ọ́bù géèmù ní Òṣogbo, ní Ayétòrò tàbí nítòsí yunifásítì ní Òkè-Baálẹ̀. Ọmọkùnrin méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, páàdì wà lọ́wọ́ wọn, rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ dé inú. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó. Ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ tí kì í sanwó láti àárọ̀ dalẹ́, ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn sì ń gbà á kò ju ẹyọ kan lọ: “Lọ ra dátà ńlá, kí o máa bá àwọn òyìnbó gbá a.” Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n nà án bí ẹni na bàrà, wọ́n á ní ẹ̀bùn rẹ̀ kò tó, tàbí pé dátà tó rà ló kéré. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ni nínú, nítorí irọ́ ni méjèèjì.

Nínú ṣọ́ọ́bù, láti páàdì dé inú ẹ̀rọ kò ju wáyà kékeré kan lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, server ni ìdíje ti ń wáyé, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ni géèmù, tó lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ohun tí ìka bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá a, èsì gbọ́dọ̀ padà wá. Àkókò àlọ àti àbọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní ping, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì fi ń kà á. Nínú wáyà abẹ́ òkun, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà MainOne, ọ̀kan nínú èyí tó so wá pọ̀ mọ́ Yúróòpù, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Portugal. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 14,000, ìyẹn 70 lórí ping, láìtíì ka Òṣogbo sí Èkó, láìtíì ka Portugal sí ìlú tí server wà, láìtíì ka ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa fi kún un. Dátà ńlá ń jẹ́ kí nǹkan púpọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ pé kí ìkankan nínú wọn tètè dé.

Ẹ wo oníjó kan tó dúró níwájú onílù dùndún, kí ẹ tún wo èkejì tó dúró ní 100 mítà sí ibẹ̀. Ohùn ń rin bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kọ̀ǹgọ́ á ti kan awọ kí ẹni ọ̀nà jíjìn tó gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá ju ti ẹni iwájú lọ, síbẹ̀ lójú àwọn tó wà nídìí ìlù, kò mọ ijó jó. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti onílù, ìlù á ròkè sí i, kò ní torí ẹ̀ yára dé. Ohun tí dátà ńlá ń ṣe nìyẹn.

Oníjó tó gbọ́n kì í dúró de ìlù. Ó mọ ibi tí onílù ń lọ, á máa méfò, á gbé ẹsẹ̀ kí ó tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù àti kọ̀ǹpútà ń ṣe: bí ìka bá ti ní kí ẹni inú géèmù sáré, ẹ̀rọ á mú un sáré lójú ẹsẹ̀, á máa retí pé server á gbà. Bí onílù bá yí ìlù padà lójijì, ẹsẹ̀ tó ti wà lókè ti di àṣìgbé. Ìyẹn ló fà á tí ẹni inú géèmù fi ń ṣàdédé fò padà síbi tó ti kúrò. Onídàájọ́ aláàánú náà wà níbẹ̀. Ó mọ bí oníjó yìí ṣe jìnnà tó, ó sì ń fi ìlù tó gbọ́ dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe èyí tí onílù ń lù lọ́wọ́. Server géèmù ìbọn ń tọ́jú ibi tí oníkálukú wà sẹ́yìn. Bí ìbọn ẹni ọ̀nà jíjìn bá dún, á dá àkókò padà, á wò ó bóyá ọ̀tá wà níbi tí ojú ayìnbọn ti rí i. Èyí ni apá tó wú ni lórí jù nínú gbogbo ètò náà. Ṣùgbọ́n àánú yẹn ní ìwọ̀n. Bí server bá dá àkókò padà jù, ẹni tó ti sá sẹ́yìn ògiri á kú sẹ́yìn ògiri, òun náà á sì ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ojú àti ìka ènìyàn ń lo bíi 200 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dáhùn ohun tó rí. Ìdánrawò mélòó ni yóò gbọn 70 kúrò lára ìyẹn? Ilé-iṣẹ́ Riot, tó gbé géèmù ìbọn Valorant jáde ní 2020, ní àfojúsùn àwọn ni kí ping ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbá a má kọjá 35. Àwọn tó ni géèmù gan-an mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń ṣe. Àwọn ògbóǹtarìgì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Gabriel Toledo ọmọ Bràsíl, tí wọ́n ń pè ní FalleN, kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 2015 láti wà níbi tí àwọn tó dáńtọ́ wà. Ní 2016, òun àti ikọ̀ rẹ̀ gba ife Major méjì, ìyẹn ìdíje tó ga jù nínú géèmù ìbọn Counter-Strike, ní Columbus àti ní Cologne.

Àṣekágbá ńláńlá kì í ní ìṣòro yìí, nítorí inú gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ wà. Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà. Ní 2019, Kyle Giersdorf, ọmọ ọdún 16, gba mílíọ̀nù 3 dọ́là nínú ife àgbáyé géèmù Fortnite ní New York. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti yege wọlé, wọ́n sì pín ayé sí ọ̀nà mẹ́fà: Amẹ́ríkà Àríwá méjì (ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn), Yúróòpù, Éṣíà, Bràsíl àti Òṣéáníà. Kò sí ti Áfíríkà.

Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti 2006 ni àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé ní Èkó, tí a ń pè ní IXPN. Òṣogbo sí Èkó kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ á lọ á bọ̀, kò ní ju 2 lórí ping lọ. Bí àwọn tó ni géèmù bá gbé server síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Títí dìgbà yẹn, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mọ ẹni tó dáńtọ́ ní Òṣogbo kò gbọdọ̀ fi máàkì orí àtẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sínú gbọ̀ngàn kan, kí wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀ nítorí iná, kí wọ́n sì fi fídíò ohun tí wọ́n bá gbá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣa ènìyàn.