Ẹ má dí ihò tó wà nísàlẹ̀ apá transducer yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé apá transducer tó ti là wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù (apá ni páìpù tó ń gbé transducer, ìyẹn ojú sónà tí wọ́n fi ń wá ẹja, dúró nínú omi), ohun kan náà ló sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi wọ inú páìpù, kò rí ọ̀nà jáde, ó dì. Mo ti fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tún pè mí, mo máa kàn fi ránṣẹ́ sí i ni.

Wẹ́dà ni mí, Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, Minnesota ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń jẹ ẹ́ báyìí. Àwọn èèyàn wa tó wà níbí náà ti ń lọ pẹja lórí yìnyín, ní January ẹ máa rí wọn lórí adágún Mille Lacs, àgọ́ rèé, hítà rèé, kúlà ìrẹsì rèé. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ba ẹ̀rọ olówó iyebíye jẹ́ ló ń dùn mí.

Sónà máa ń ju ohùn sínú omi, èyí tó bá dá padà ló fi ń fi ibi tí ẹja wà hàn yín. Èyí tó ń wo ìsàlẹ̀ nìkan, wáyà ẹ̀ lásán lè gbé e rọ̀, á dúró gún bí òkúta tí bíríkìlà so mọ́ okùn. Kó ṣáà ti dúró gún ni o, torí tó bá fi dígírì 10 péré yẹ̀, níbi tí omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ibi tó ń wò ti kúrò lábẹ́ ihò tẹ́ ẹ lù sínú yìnyín ní ẹsẹ̀ bàtà 5 ó lé. Àmọ́ LiveScope, sónà tí ilé iṣẹ́ Garmin gbé jáde ní 2018, iwájú lòun ń wò, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yí i síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Ohun tó ń rí fẹ̀ tó dígírì 135 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n dígírì 20 péré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà téèyàn na abẹ̀bẹ̀ sí òòró ni. Tí oríkèé apá náà bá wá ń mì jẹ́jẹ́, tí ọwọ́ ìdìmú kọjú sí ibì kan tí transducer kọjú sí ibòmíì, ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ títí, ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò ní rí i.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ omi. Omi tó bá dì máa ń wú, ó máa ń fi bí ìdá 9 nínú 100 fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí páìpù tó lè sọ fún un pé kó má wú. Ẹ ti ki apá bọ inú adágún, omi ti gba ojú bóòtì wọlé, ẹ wá fà á jáde sínú òtútù tó ń gé etí, ẹ jù ú sẹ́yìn mọ́tò, kẹ́ ẹ tó délé ó ti di òkúta nínú lọ́hùn-ún. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, páìpù á wú díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á là. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lu ihò méjì sí gbogbo apá tí mo bá ṣe, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan lókè níbi tí omi ò dé. Ṣebí gbogbo wa la ti lu mílíìkì agolo rí? Tó bá jẹ́ ihò kan lẹ lù, ṣé ó máa ń dà dáadáa? Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé kí omi tó rí ibi jáde. Kọsítọ́mà mi kan wo ihò yìí, ó rò pé mo gbàgbé láti dí i ni, ó ra gọ́ọ̀mù, ó dí méjèèjì pa. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta yẹn.

Ẹ má sì ki wáyà gba inú páìpù, ó rẹwà lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yìnyín tó ń la irin, kí ló máa ṣe wáyà? Ẹ so ó mọ́ ìta, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbi oríkèé kó má baà fà. Èmi tí mò ń jó irin jẹun, mi ò kí ń jó oríkèé yẹn pọ̀, bóòtì ni mò ń lò, torí 6061-T6, irú alumíníọ̀mù tí mo fi ń ṣe é, máa ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná bá ti kàn án. Apá tí mo ṣe ní wíńtà mẹ́fà sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fi 3D printer tẹ ike PLA jáde tí wọ́n ń tà á fún yín ní ẹ̀dínwó, tàbí tí wọ́n ń gé páìpù PVC funfun tí wọ́n fi ń fa omi, kí wọ́n sọ fún yín bí àwọn nǹkan yẹn ṣe máa ń kán bíi bísíkíìtì tí òtútù bá mú wọn.

Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń sọ pé ẹja máa ń gbọ́ sónà, pé ẹ fi aṣọ wé apá náà. Sónà tí ohùn ẹ̀ ga tó 200 kHz, ẹja walleye tí à ń pa níbí ò gbọ́ ọ, ó ti kọjá etí ẹ̀ jìnnà réré. Ẹnì kan tún ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi Vaseline pa ojú transducer. Afẹ́fẹ́ tó bá há sábẹ́ ọ̀rá yẹn, ohùn ò ní gbà á kọjá, ẹ ti fọwọ́ ara yín bo ojú ẹ̀rọ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni omi gbígbóná. Ẹ má da omi gbígbóná sí transducer tí yìnyín bá bò, ẹ jọ̀ọ́, ara ẹ̀ máa sán. Ẹ dá a padà sínú ihò tẹ́ ẹ ti fà á jáde, omi tó wà lábẹ́ yìnyín gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, á yọ́ ọ fúnra ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan gba apá tuntun lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ Friday kan ní ìparí November. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ní sùúrù, yìnyín ò tíì ki." Wọ́n ní àwọn á kàn lọ tẹ yìnyín náà wò ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé adágún, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá, wọ́n tẹ̀lé e. Etídò ki, níwájú ò ki, wọ́n jìn sínú omi tàwọn tapá. Àwọn ìjọba Minnesota sọ pé ínǹṣì 4 ló kéré jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìyẹn sì jẹ́ yìnyín tuntun tó mọ́ gaara, tó bá funfun bíi mílíìkì, agbára ẹ̀ ò ju ìdajì lọ, ẹ fi ìlọ́po méjì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò wọn nǹkan kan. Wọ́n ní èémí àwọn kọ́kọ́ já, àwọn ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ò lè pariwo. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ nìyẹn, kéèyàn má ṣe nǹkan míì ju kó wá èémí ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn bí ìṣẹ́jú 10 ló kù tí ọwọ́ á fi ṣeé lò. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣe? Wọ́n ń wá apá tí mo ṣe. Wọ́n ò fẹ́ kí owó àwọn rì. Ọmọ òyìnbó kan tó wà ní bèbè ló ju okùn sí wọn, ó sì fà wọ́n jáde síhà ibi tí wọ́n ti wá, torí yìnyín ibẹ̀ ló ti gbé wọn rí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò ní ọsibítù.

Ìyàwó wọn ló pè mí. Kò bínú sí mi, ó kàn ń béèrè pé ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n lọ. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Látìgbà náà, ìdìmú méjì tó ní ìṣó lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń fi há yìnyín téèyàn bá jìn, ni mo máa ń fi okùn so mọ́ gbogbo apá tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò gba owó ẹ̀. Ọrùn lẹ máa gbé e kọ́ o, kì í ṣe inú báàgì. Tẹ́ ẹ bá wá gba apá, mo máa bi yín pé ínǹṣì mélòó ni yìnyín tẹ́ ẹ lù wò ki tó, níbo lẹ sì ti lù ú. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun rí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíì lórí ẹ̀, kó máa lọ sílé, apá ẹ̀ á dúró dè é lọ́dọ̀ mi.