Bí Báńdéèjì Oníhò Wẹ́wẹ́ Ṣe Ń Tú Oògùn Sílẹ̀ Sójú Ọgbẹ́

Ojú ibi tí iná ti jó èèyàn gan-an, tàbí egbò ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn tí a gbé mì tàbí èyí tí wọ́n gún síni lára kiri. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, oògùn kò lè dé ibẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe báńdéèjì tó gbé oògùn apakòkòrò sínú, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sójú ọgbẹ́. Pólímà, ìyẹn ohun tí àwọn èérún rẹ̀ so pọ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n fi ń ṣe é, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ bíi ti fóòmù. Àwọn ihò yìí ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwọn náà ló sì ń jẹ́ kí oògùn tètè sá jáde bí ẹni tó ṣe é kò bá fura.

Ní ọdún 1962, George Winter fi ọgbẹ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé ọgbẹ́ tí a bò, tó ń rí ọ̀rinrin, máa ń tètè hu awọ ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ kó gbẹ lọ. Ohun tí à ń wá lára báńdéèjì nìyẹn: kó fa omi egbò tó pọ̀ jù, kó má sì gbẹ ọgbẹ́. Bí omi bá dúró síbẹ̀ jù, awọ etí ọgbẹ́ á funfun, á rọ̀, á sì máa bó. Bí ó bá gbẹ jù, báńdéèjì á lẹ̀ mọ́ ẹran ara, awọ tuntun á sì bá a wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Nítorí náà, ìpele méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ìpele tó kọjú sí ẹran ara ní ihò ńlá, láti bíi máíkírọ́nù 50 dé 200 (máíkírọ́nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), kó lè fa omi. Ihò ìpele òde kò tó máíkírọ́nù 1, torí pé bíi máíkírọ́nù 1 ni bakitéríà bíi Staphylococcus aureus ṣe tóbi tó. Oru omi á ráyè jáde, kòkòrò kò ní ráyè wọlé. Àwọn kan máa ń rò pé bí ihò inú bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹran tuntun máa ń hù wọ inú ihò tó bá tóbi jù, ṣíṣí báńdéèjì náà á wá di ọgbẹ́ mìíràn.

Ọ̀nà kan láti dá ihò sí i ni kí a dì í sí yìnyín kí a tó gbẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú kitosání, pólímà kan tí wọ́n ń rí lára èèpo edé àti akàn. Gíráàmù 2 ni wọ́n ń pò mọ́ mílílítà 100 omi tí wọ́n ti fi ìdá 1 nínú 100 ásíìdì ọtí kíkan sí. Wọ́n á rò ó títí á fi mọ́ gaara, wọ́n á jẹ́ kí ìfófòó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á sì dì í. Bó ṣe ń yára dì ló ń pinnu ihò. Bó bá rọra dì ní −20°C, yìnyín á tóbi, ihò á sì tóbi; bó bá dì kíákíá nínú náítírójìn olómi, ihò á kéré gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde á mú kí yìnyín di oru tààrà láìkọ́kọ́ di omi, fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Bí wọ́n bá kánjú gbé ooru sókè kí yìnyín tó tán, á yọ́, ihò á wó lu ara wọn, ohun tó bá kù á sì le bí awọ gbígbẹ. Ásíìdì ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé bí omi egbò bá kàn án báyìí, á yòrò. Wọ́n ní láti fi sódà díẹ̀ pa ásíìdì náà, tàbí kí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ jẹnipín so àwọn ẹ̀wọ̀n pólímà pọ̀. Omi tí wọ́n fi ń ṣan sódà náà kúrò lè gbé oògùn lọ, ó sàn kí wọ́n fi oògùn sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí iná mànàmáná ranwú rẹ̀. Pólímà bíi PCL (polycaprolactone), tí wọ́n yòrò tó ìdá 10 sí 15 nínú 100, á wà nínú sírínjì. Ẹ̀rọ á máa tì í jáde ní nǹkan bíi mílílítà 1 ní wákàtí kan, fólìtì 15,000 á sì wà láàárín abẹ́rẹ́ àti pẹpẹ irin tó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ̀kán ẹnu abẹ́rẹ́ á ṣẹnu ṣóńṣó, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ á sì fò jáde. Bí èyí tí wọ́n yòrò bá ṣàn jù, òwú á máa ní kókó lára, oògùn á sì pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ.

Bí oògùn ṣe ń jáde ni ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù. Èyí tó wà lójú òwú àti etí ihò máa ń dà jáde láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí wúlò, torí kòkòrò tó ti kóra jọ sábẹ́ ohun yọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bo ara wọn lè nílò ìlọ́po 100 sí 1,000 ìwọ̀n tó ń pa èyí tó dá wà. Àmọ́ bí gbogbo rẹ̀ bá dà tán lọ́jọ́ kìíní, báńdéèjì lásán ló kù. Èyí tó wà nínú pólímà ń rìn jáde ní ìbámu pẹ̀lú òfin tí Takeru Higuchi gbé kalẹ̀ ní 1961: bó bá tú ìwọ̀n kan sílẹ̀ ní wákàtí 1, á gba wákàtí 4 kó tó di ìlọ́po 2, àti wákàtí 9 kó tó di ìlọ́po 3. Pólímà fúnra rẹ̀ tún lè máa jẹrà. PLGA, pólímà kan tí wọ́n fi ohun méjì ṣe, tí wọ́n bá pò ó ní ìdọ́gba (50:50), ń jẹrà láàárín bí oṣù kan sí méjì. PCL lè lò ju ọdún méjì lọ, wọ́n á ti ju báńdéèjì náà nù tipẹ́.

Láti dín ìdàjáde àkọ́kọ́ kù, wọ́n lè lo abẹ́rẹ́ méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, kí oògùn lè wà láàárín òwú, kí pólímà sì bò ó. Gẹntamáísìn, oògùn apakòkòrò kan, ní àǹfààní mìíràn: iná mànàmáná ara rẹ̀ jẹ́ ti rere, ti algínéètì, pólímà tí wọ́n ń rí lára ewéko òkun, sì jẹ́ ti òdì, wọ́n á di ara wọn mú títí iyọ̀ inú omi egbò á fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìparí ìtúsílẹ̀ ló léwu jù, a kì í sì í kà á sí tó. Nígbà tí oògùn bá ń kán ní ìwọ̀n tí kò lè pa kòkòrò mọ́, èyí tó lágbára nínú wọn ló ń yè, tó sì ń pọ̀ sí i. Kí wọ́n ṣí báńdéèjì kí ó tó dé ibẹ̀.

Láti wọn ìtúsílẹ̀, wọ́n á gé báńdéèjì kékeré sínú omi oníyọ̀ tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan sí) jẹ́ 7.4, ní 37°C, wọ́n á sì bu nínú rẹ̀ ní wákàtí 1, 2, 4, 8 àti 24, kí wọ́n tó máa bu lójoojúmọ́. Bí omi náà bá kéré jù, oògùn á kún un, á wá dà bíi pé ìtúsílẹ̀ ti dúró. Gẹntamáísìn kì í gba ìmọ́lẹ̀ UV, tí wọ́n sábà máa ń fi wọn oògùn inú omi, dáadáa. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ so kẹ́míkà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan mìíràn ló ń kà.

Ó wá ku pípa kòkòrò ara báńdéèjì náà fúnra rẹ̀. Ooru 121°C kò ṣeé lò fún PCL, nítorí bíi 60°C ló ti ń yọ́, gbogbo ihò á sì dí. Ìtànṣán gámà, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kílógíréè 25 (25 kGy), ń gé ẹ̀wọ̀n PLGA kúrú, oògùn á sì máa yára jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ti gba ìtànṣán ni kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ìtúsílẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ jáde.